Àwọn Tí Kò Nílé Mìíràn: Bí Aláàfin Ṣe Gba Agbára Lọ́wọ́ Àwọn Ìjòyè

Nígbà tí Aláàfin Abípa pinnu pé òun yóò kúrò ní Ìgbòho, kí òun sì kó ààfin padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, inú àwọn ìjòyè rẹ̀ kò dùn. Ìgbòho ti mọ́ wọn lára. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí, ibẹ̀ ni wọ́n bímọ sí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ojú ọba kó ní òun kò lọ? Samuel Johnson, àlùfáà tí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ jáde ní 1921, ròyìn ọgbọ́n tí wọ́n dá. Ọba ti yan àwọn tí yóò lọ ṣètùtù lórí ilẹ̀ àtijọ́, kí wọ́n sì wo ibi tí ààfin yóò wà. Kí àwọn yẹn tó débẹ̀, Baṣọ̀run ti rán abuké kan ṣáájú, Alápìn-ín-ni rán àfín, Aṣípa rán adẹ́tẹ̀, Lágùnnà rán aràrá, Akínikú rán arọ, Sàmù náà rán ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ síta. Bí ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n tan ògùṣọ̀ lórí òkè, wọ́n ń rìn sókè sódò, wọ́n ń ké pé kò sáyè fún aráyé níbẹ̀ mọ́. Àwọn ìránṣẹ́ ọba sá padà wá ròyìn pé iwin ti gba Ọ̀yọ́-Ilé.

Ẹnì kan tú àṣírí náà sí ọba létí. Abípa kò pariwo. Ó rán ọdẹ mẹ́fà lọ, wọ́n sì mú gbogbo iwin náà láàyè. Nígbà tó di ọjọ́ ìpàdé, tí àwọn ìjòyè ti jókòó, tí ọ̀rọ̀ ìlú ti parí, ọba ní kí wọ́n gbé ọtí jáde. Abuké, àfín, adẹ́tẹ̀ àti àwọn yòókù ló gbé e wá láti inú ilé, kálukú sì gbé igbá tirẹ̀ síwájú ọ̀gá tó rán an níṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú iwin.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn òpìtàn fi ìpadàbọ̀ yìí sí. Ọba borí lọ́jọ́ náà, àmọ́ kò lè lé ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó tàn án jẹ kúrò lóyè. Oyè wọn kì í ṣe ẹ̀bùn rẹ̀. Ó dójúti wọn, ó fún wọn lọ́tí mu, wọ́n sì padà sílé wọn gẹ́gẹ́ bí ìjòyè. Fún nǹkan bí igba ọdún tó tẹ̀ lé e, ìṣòro kan náà ló wà níwájú gbogbo ẹni tó gun orí ìtẹ́ Ọ̀yọ́: báwo ni ọba yóò ṣe ṣèjọba láì gba ọwọ́ àwọn tí kò lè yọ?

Àwọn méje ni Ọ̀yọ́ Mèsì: Baṣọ̀run, Àgbàakin, Sàmù, Alápìn-ín-ni, Lágùnnà, Akínikú àti Aṣípa. Ìdílé ni oyè wọn ti ń wá. Àwọn ló ń yan Aláàfin nínú àwọn ọmọ ọba, Baṣọ̀run ló sì ń ṣàyẹ̀wò lọ́dọọdún nígbà ọdún Ọ̀run láti mọ̀ bóyá orí ọba ṣì gbà á. Nígbà náà, tí wọn kò bá fẹ́ ọba mọ́, igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹ ni wọ́n máa ń gbé ránṣẹ́ sí i, ọba náà á sì kú sínú ààfin rẹ̀. Ìṣẹ́gun lójú ogun kò gba ọba sílẹ̀. Lásìkò Aláàfin Òjígí ni ẹṣin Ọ̀yọ́ tẹ ìjọba Dàhòmì mọ́lẹ̀, tí Dàhòmì fi gbà ní 1730 láti máa san ìṣákọ́lẹ̀. Johnson sọ pé wọ́n kọ Òjígí náà nítorí ìwà ìkà Àrẹ̀mọ rẹ̀, bàbá àti ọmọ sì kú pọ̀.

Àrẹ̀mọ gan-an, àkọ́bí ọba, kò lè jọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Àṣà ìgbà náà ni pé bí Aláàfin bá ti wàjà, Àrẹ̀mọ á bá a lọ. Èyí mú kí ilé Ọ̀yọ́ Mèsì lágbára sí i: gbogbo ìgbà tí ìtẹ́ bá ṣófo, ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ ń padà sí.

Ohun tí àwọn Aláàfin ṣe ni pé wọ́n kó àwọn tí kò ní ìdílé nínú ìlú jọ, wọ́n sì gbé iṣẹ́ ìjọba lé wọn lọ́wọ́. Inú ààfin ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìwẹ̀fà ló ṣáájú, àwọn tí a tẹ̀ lọ́dàá, tí kò lè bímọ tí yóò jogún oyè. Mẹ́ta nínú wọn ló ga jù. Ọ̀nà-ẹfà ń jókòó dá ẹjọ́ dípò ọba. Ọ̀tún-ẹfà ń bójú tó ọ̀ràn Ṣàngó ní Kòso. Òsì-ẹfà ló kéré jù nínú orúkọ, òun ló sì súnmọ́ ọba jù: ó lè wọ yàrá ọba nígbàkúgbà, ó ń wọ aṣọ ọba, ó ń jókòó sípò rẹ̀ níbi tí ọba kò bá lè dé, owó tó ń wọlé sì ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ tí ọba bá wàjà, òun náà kú. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ so mọ́ ti ọba báyìí kò ní ìdí kankan láti bá Baṣọ̀run dìtẹ̀.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn ìlàrí, tọkùnrin tobìnrin. Ẹrú ni púpọ̀ nínú wọn. Lọ́jọ́ tí a bá sọ ènìyàn di ìlàrí, a ó fá orí rẹ̀, a ó sín in ní gbẹ́rẹ́, a ó fi oògùn ra ojú gbẹ́rẹ́ náà, ọba á sì fún un lórúkọ tuntun. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí ọba ń rán: ẹni tó ń jẹ́ Mádàríkàn kò tíì la ẹnu tí ìlú tó dé ti mọ̀ pé a kì í kọlu ọba. Láti ìgbà náà, apá kan orí rẹ̀ ni wọ́n á máa fá. Tó bá yá, wọ́n á fá apá kejì. Ẹni tó bá rí i lọ́nà oko mọ̀ lókèèrè pé ará ààfin ló ń bọ̀. A ó sì fi amọ̀ mọ ère kékeré kan fún ìlàrí kọ̀ọ̀kan, Ìyá Kéré ló sì ń tọ́jú gbogbo àwọn ère náà sọ́dọ̀. Obìnrin yìí, tí kì í ṣe ìyá tó bí ọba, ló ń gbé adé lé Aláàfin lórí lọ́jọ́ ìwúyè; òun ni olórí àwọn ìlàrí, ìṣúra ọba sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Johnson ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni àwọn ìlàrí, iye tó bá wu ọba ni.

Ìlàrí ló ń gbé iṣẹ́ ọba lọ sí ìlú òkèèrè, tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ wá. Níbi tí ọba bá ti fẹ́ kí ojú òun wà títí, a ó fi àjẹ́lẹ̀ síbẹ̀. Ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ni a ti rí i dáadáa jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà tó lọ sí etíkun gbà, ọ̀nà Àjàṣẹ́ tí àwọn Potogí ń pè ní Porto-Novo, àti ti Àgbádárìgì. Ẹrú ni Ọ̀yọ́ ń kó lọ tà lójú ọ̀nà yẹn. Ohun tó ń ti etíkun bọ̀ ni wọ́n fi ń ra ẹṣin lọ́wọ́ àwọn ará òkè ọya. Ìjànnà ni Aláàfin gbé aṣojú rẹ̀ sí. Onísarẹ ni oyè aṣojú yìí, ọmọ Tápà ni wọ́n sì ń yàn, ẹni tí kò ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbádò. Bí Aláàfin bá wàjà, Onísarẹ náà kò gbọdọ̀ wà láàyè.

Àwọn ayaba pàápàá wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Hugh Clapperton, ará Scotland tó gba Àgbádárìgì gòkè, tó dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù kìíní 1826 pẹ̀lú Richard Lander, ń pàdé wọn lójú ọ̀nà. Wọ́n ru ẹrù ńlá, wọ́n ń tajà káàkiri fún ọba, owó bodè kò sì kàn wọ́n. Nígbà tó dé ààfin, Aláàfin ìgbà náà sọ fún un pé tí àwọn ìyàwó òun bá fa ara wọn lọ́wọ́, wọ́n á tò dé Ìjànnà.

Kì í ṣe Ọ̀yọ́ nìkan ni ọba ti wá irú ọ̀nà yìí. Ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tí Hugh Capet gorí ìtẹ́ ní 987, ọba kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára kọjá àgbègbè Paris àti Orléans; àwọn ìjòyè ńlá tó ni ilẹ̀ yòókù ní ogun tiwọn, wọ́n sì ń dá ẹjọ́ tiwọn. Philip Kejì, tó jọba láti 1180 sí 1223, fi àwọn òṣìṣẹ́ kan tí à ń pè ní bailli síta. Owó oṣù ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọba, oyè wọn kì í ṣe ogún, ọba sì lè gbé wọn kúrò níhìn-ín lọ sọ́hùn-ún. Kó tó lọ sójú ogun ẹ̀sìn ní 1190, ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa jókòó gbọ́ ẹjọ́ lóṣooṣù, kí owó ọba sì máa dé Paris lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Ní 1204 ó gba Normandy lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì wà nílẹ̀ láti ṣàkóso rẹ̀.

Ohun méjì ni ọba Faransé ní tí Aláàfin kò ní. Èkíní ni àrólé. Láti orí Hugh Capet títí di 1316, láti ọwọ́ bàbá sí ọmọ ni adé ń lọ láìjá. Fún ìgbà pípẹ́, bàbá máa ń dé ọmọ rẹ̀ ládé nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà láàyè, bí wọ́n ṣe dé Philip Kejì ládé ní Reims ní 1179. Èkejì ni etí tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ní 1247, Louis Kẹsàn-án rán àwọn ènìyàn, tó jẹ́ pé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ló pọ̀ jù nínú wọn, láti yí ilẹ̀ káàkiri kí wọ́n gbọ́ ohun tí bailli àti àwọn yòókù fi jẹ aráàlú níyà. Òfin rẹ̀ ti 1254 kò sì gba bailli láyè kó ra ilẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tàbí kó fi ọmọ rẹ̀ fẹ́ ará ibẹ̀ láìgba àṣẹ.

Àìsí àrólé ló kọ́kọ́ gbé ìyà wá fún Ọ̀yọ́. Ní 1754, Baṣọ̀run Gáà gba ìjọba mọ́ ọba lọ́wọ́. Kò jókòó sórí ìtẹ́, nítorí kì í ṣe ọmọ ọba; ó kàn ń gbé ọba sórí rẹ̀, ó sì ń mú un kúrò. Ó pa àwọn ọ̀rẹ́ Lábísí kí wọ́n tó dé e ládé, Lábísí sì pa ara rẹ̀. Awónbíojú kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún un. Àádóje ọjọ́ ló lò lórí oyè. Agbólúajé àti Májẹ̀ógbé náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìkà rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó fi mú Ọ̀yọ́ mọ́lẹ̀ fún ogún ọdún kì í ṣe ìkà nìkan. Ó rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ jókòó sí àwọn ìlú pàtàkì ilẹ̀ náà. Ìṣákọ́lẹ̀ tí ìlàrí ń gbà wá fún ààfin tẹ́lẹ̀, ọwọ́ àwọn ọmọ Gáà ló ń bọ́ sí. Gbogbo ètò tí àwọn ọba ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tò láti fi bọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjòyè, ìjòyè kan kàn pààrọ̀ àwọn tó wà nínú rẹ̀, ó sì di tirẹ̀. Ọba wà láàfin, ìlàrí wà níbẹ̀ pẹ̀lú orí fífá, kò sì sí owó.

Abíọ́dún Adégoólú, tí Gáà fi jẹ lẹ́yìn Májẹ̀ógbé, kò ṣe bí Awónbíojú. Àràárọ̀ ló ń lọ kí Baṣọ̀run nílé. Ó ń fọwọ́ gbálẹ̀ fún un, ó sì ń fi ojú wá ẹni tí Gáà kò tíì rà. Nínú Ọ̀yọ́-Ilé, kò rí i. Ó jáde lóru lọ sí Àkàlà, lọ́dọ̀ baálẹ̀ kan tó ń jẹ́ Adégoólú bíi tirẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dé etí Ọyábí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ní Àjàṣẹ́ mìíràn, kì í ṣe ti etíkun.

Kakaǹfò nìkan ló lè ṣe é. Láti ìgbà Aláàfin Ajagbó ni oyè náà ti wà: ogun ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, àṣà kò sì jẹ́ kó máa gbé Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ọba fi í sí ìta kó má baà di ewu fún ìtẹ́. Nísinsìnyí, jíjìnnà náà ni kò jẹ́ kí Gáà rí ohun tó ń bọ̀. Wọ́n dá ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ yẹn, káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ìlú kọ̀ọ̀kan dìde sí ọmọ Gáà tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Ọyábí sì kó ogun wọ Ọ̀yọ́-Ilé. Wọ́n mú Gáà, wọ́n sun ún níná. 1774 ni, ìròyìn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó tó wà ní etíkun Dàhòmì. Ó wà nínú ìwé tí Archibald Dalzel tẹ̀ jáde ní 1793.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí Abíọ́dún lò lẹ́yìn Gáà, títí di 1789, ni àwọn àgbà Ọ̀yọ́ ń pè ní ìgbà ọlà. Ìlàrí àti àjẹ́lẹ̀ tún di ti ọba. Ọ̀nà Àjàṣẹ́ kún fún èrò. Agbára ọba kò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sí ẹni tó ń bi ìlàrí léèrè ohun tó ń ṣe níbi tí ọba kò sí.

Àwọn Ẹ̀gbá, tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ nígbà náà, ló fi ọwọ́ ara wọn dáhùn. Ìlàrí ti pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń gbà. Lísàbí, ará Ìtòkú, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọkùnrin jọ lórúkọ ẹgbẹ́ àáró, kí wọ́n máa bá ara wọn ṣiṣẹ́ oko. Oko ni wọ́n ń ro lóòótọ́. Nígbà tí àkókò tó, ẹgbẹ́ àáró náà di ẹgbẹ́ ogun, wọ́n sì dìde pa àwọn ìlàrí. Johnson ní wọ́n lé ní 600 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ogun tí Ọ̀yọ́ kó lọ gbẹ̀san kò lè dá Ẹ̀gbá padà.

Lẹ́yìn ikú Abíọ́dún, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jọba tún padà sọ́wọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì. Awólẹ̀ gorí oyè ní 1789. Àfọ̀njá, Kakaǹfò tó wà ní Ìlọrin, ṣọ̀tẹ̀ sí i, Awólẹ̀ sì kú ní 1796. Ọba ń lọ, ọba ń bọ̀, títí Ọ̀yọ́-Ilé fi dahoro ní nǹkan bí 1836. Àtìbà ló gba oyè lẹ́yìn náà, ó sì sọ Àgọ́-Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tuntun. Ó ti rí ohun tó ń da ilé náà rú. Kó tó kú ní 1859, ó bẹ àwọn olórí ogun ní Ìbàdàn àti Ìjàyè pé kí wọ́n jẹ́ kí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, wà láàyè kó sì jọba. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí ti Ìjàyè, tó jẹ́ Kakaǹfò, ní òun kò ní wárí fún Àrẹ̀mọ tó yẹ kó bá bàbá rẹ̀ lọ. Ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860; ní oṣù kẹta 1862, Ìjàyè tú. Adélù jọba, àmọ́ ọwọ́ Ìbàdàn ló gba adé náà là, kì í ṣe ọwọ́ ààfin.

Ìbàdàn ni àjẹ́lẹ̀ bá lọ. Johnson ka Ìwó mọ́ àwọn ìlú Ẹ̀pò, tó jẹ́ apá kan ilẹ̀ Ọ̀yọ́ gan-an, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn ni àwọn ìlú ẹkùn Ọ̀ṣun ń wò. Ìbàdàn kò lọ́ba nígbà náà. Ìjòyè ogun kọ̀ọ̀kan ló ń rán àjẹ́lẹ̀ tirẹ̀, òun náà ló ń ṣe babakékeré, ìyẹn alágbàwí, fún ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀, ohun tí àjẹ́lẹ̀ bá sì gbà, ilé ìjòyè yẹn ló ń lọ. Èyí ni ohun tí Gáà ṣe, tí Ìbàdàn sọ di ètò. Ní 1878, ní Òkè-Mẹ̀sí, Fábùnmi bẹ́ orí Oyèpẹ̀tun, àjẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ogun Èkìtì-Parapọ̀ sì tẹ̀ lé e. Kò tú ká pátápátá títí di 1893.

Ìgbà ìkẹyìn tí ẹnì kan gbìyànjú láti dá agbára Aláàfin padà, òyìnbó ni. Ní oṣù kọkànlá 1895, Captain Bower, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì, ti yìnbọn ńlá lu Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1914, William Ross di Rẹ́sídẹ́ǹtì, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní ẹkùn Ọ̀yọ́, ọ̀rẹ́ òun àti Aláàfin Ṣíyànbọ́lá Ládígbòlù sì wọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi Ìbàdàn, àti àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Ìbàdàn títí dé Ìwó, sábẹ́ Ọ̀yọ́. Kóòtù ìbílẹ̀ dé. Ìsẹ́yìn àti Òkèhò fi ogun kọ̀ ọ́ ní 1916. Owó orí dé ní 1918. Orúkọ Aláàfin ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún akọ̀wé, akódà àti agbowó-orí, ṣùgbọ́n Rẹ́sídẹ́ǹtì ló ń wo ìwé owó tí wọ́n fi ń san owó oṣù wọn, òun náà ló sì lè yọ wọ́n. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ère rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ìyá Kéré. Ross fi Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1931. Ní 1934, ìjọba yọ Ìbàdàn kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́, Ìwó àti àwọn ìlú tó yí i ká sì bá Ìbàdàn lọ, Ládígbòlù sì wà lórí ìtẹ́ fún ọdún mẹ́wàá mìíràn, títí di 1944, láìsí wọn.